Labalábá Kan Ṣoṣo Tó Di Mẹ́wàá: Kí Gan-an Ni Wọ́n Rí ní Costa Rica?

Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ márùn-ún gbé ìwádìí kan jáde pé labalábá kan ní Costa Rica, orílẹ̀-èdè kan ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, tí ìwé ti kà sí ẹ̀yà kan ṣoṣo láti ọdún 1775 kì í ṣe ẹyọ kan. Ó kéré tán, mẹ́wàá ni. Títí di òní ni ìròyìn náà ṣì ń jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bó sì ṣe ń jáde ló ń da ojú ọ̀rọ̀ rú. Àwọn kan gbà pé labalábá náà ló dédé pín sí mẹ́wàá. Àwọn kan ní ẹ̀rọ tó ń ka DNA ló sọ bẹ́ẹ̀, pé kò sẹ́ni tó fojú rí nǹkan kan. Àwọn mìíràn ti gbọ́ pé onímọ̀ kan ta ko iye náà, wọ́n wá ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí ewé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. DNA kẹ́yìn dé ni.

Labalábá wo là ń sọ?

Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì ni Astraptes fulgerator. Àwọn onímọ̀ òde òní ti ń kọ ọ́ ní Telegonus fulgerator, ṣùgbọ́n Astraptes ló wà nínú ìwádìí 2004, òun la ó máa lò níbí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ń gbé, láti gúúsù Texas sọ̀ kalẹ̀ gba Mẹ́síkò kọjá, títí dé àríwá Ajẹntínà. Kò sí ní Áfíríkà. Bó bá na ìyẹ́ rẹ̀ tán, ó tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́fà. Ìyẹ́ náà ṣú dúdú. Ibi tó sún mọ́ ara ń dán búlúù, ọ̀já funfun kan sì dábùú ìyẹ́ iwájú.

Ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn labalábá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní skipper, ìdílé tí ìwé ń pè ní Hesperiidae. Wọ́n tó nǹkan bí 4,000 ẹ̀yà káàkiri ayé. Ilẹ̀ wa náà ní tiwọn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé imọ̀ ọ̀pẹ ni ọmọ wọn ń jẹ. Ìdílé yìí ló máa ń mú kí ènìyàn béèrè bóyá labalábá ni òun ń wò tàbí àfòpiná, torí ara wọn ki, irun bò wọ́n, àwọ̀ ọ̀pọ̀ wọn sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Orí ni kí ẹ wò. Orí skipper fẹ̀, ìwo rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra, ìparí ìwo náà wú díẹ̀, ó sì tẹ̀ sẹ́yìn. Ìwo ọ̀pọ̀ àfòpiná kì í rí báyẹn. Bó bá sì gbéra, ṣe ló máa ń ta fìà, ojú kì í tètè bá a lọ.

Kí là ń pè ní ẹ̀yà?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ìjọra kọ́ ló ń sọ nǹkan di ẹ̀yà kan. Àwọn ẹ̀dá tó ń gun ara wọn, tí wọ́n ń bímọ, tí ọmọ wọn náà ń bímọ, tí wọn kì í sì í bá àwọn mìíràn da ẹ̀jẹ̀ pọ̀, àwọn ni ẹ̀yà kan. Ajá ìgboro àti ajá òyìnbó kékeré onírun gígùn kò jọra rárá, síbẹ̀ ẹ̀yà kan ni wọ́n. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ẹ̀dá méjì lè jọra débi pé ẹni tó ti ń wo labalábá láti ọjọ́ pípẹ́ kò ní dá wọn mọ̀ yàtọ̀, kí wọ́n sì ti pínyà tipẹ́tipẹ́. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ la ó pè ní ẹ̀yà tó fara pamọ́.

Nítorí náà, labalábá Costa Rica kò pín sí mẹ́wàá ní 2004. Wọ́n ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tipẹ́. Ojú wa ni kò tó wọn.

Kí ló dé tí ojú kò fi tó wọn? Bí labalábá méjì bá jọra jù, ohun tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń ṣe ni pé kí wọ́n fi maikirosíkópù wo ojú ara akọ, torí ó máa ń yàtọ̀ láti ẹ̀yà sí ẹ̀yà kódà nígbà tí ìyẹ́ bá jọra. Ọ̀nà yìí ti parí ọ̀pọ̀ ìjà láàárín wọn. Ti fulgerator ló kọ̀ tí kò bá a mu: gbogbo wọn rí bákan náà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Báwo ló ṣe ń gbé ayé rẹ̀?

Ipò mẹ́rin ló ń gbà kọjá: ẹyin, kòkòrò ajewé, ipò oorun, labalábá. Kòkòrò ajewé ni mo ń pe ọmọ rẹ̀ tó ń rákò, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó jẹun kó sì dàgbà. Ipò oorun ni ìgbà tí kò jẹ, tí kò rìn, tó wà nínú awọ líle títí ìyẹ́ yóò fi hù.

Ìyá kì í kàn yé ẹyin síbi tó bá rí. Ewé tí ọmọ rẹ̀ lè jẹ ló máa ń wá. Igi púpọ̀ ló ní oró tàbí ìkorò tó fi ń lé kòkòrò, ọ̀pọ̀ kòkòrò ajewé sì jẹ́ pé oró igi kan tàbí ti igi mélòó kan tó bára tan nìkan ni inú wọn lè gbà. Bí ìyá bá ṣi igi yàn, ebi ni yóò pa ọmọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló gbé gbogbo ìtàn yìí ró.

Kòkòrò ajewé skipper rọrùn láti dá mọ̀: orí rẹ̀ tóbi, ọrùn rẹ̀ sì fún. Kì í gbé ìta. Nígbà tó bá ṣì kéré, á gé etí ewé ní ojú méjì, á ká ibi tó gé náà bo ara rẹ̀, á wá fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fà láti ẹnu dè é mọ́lẹ̀. Okùn náà máa ń sún kì bó bá ṣe ń gbẹ, ìyẹn ló fi ń fa ewé pa dé. Bó bá dàgbà ju ilé náà lọ, á fi í sílẹ̀, á ṣe òmíràn. Nígbà tó bá tóbi tán, odindi ewé méjì ló lè so pọ̀ kó tó rí àyè gbé. Á jáde jẹun, á padà wọlé.

Gbígbé inú ewé dídì ní ewu tirẹ̀, ìyẹn ni ìgbẹ́. Ọ̀nà tí àwọn kòkòrò yìí gbà yanjú rẹ̀ wà lára ohun tó wù mí jù nínú ìwà wọn: wọ́n máa ń kó agbára jọ sí ìdí, wọn á sì ta kóró ìgbẹ́ náà síta. Martha Weiss ti Yunifásítì Georgetown tẹ̀ lé mọ̀lẹ́bí fulgerator kan ní Amẹ́ríkà, Epargyreus clarus, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2003. Kòkòrò náà kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ó lè ta ìgbẹ́ dé sẹ̀ǹtímítà 153, ìyẹn ìlọ́po 38 gígùn ara rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lásán. Weiss fi ìgbẹ́ sí inú ilé ewé àwọn kan, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì dúdú tó tóbi bákan náà sí ti àwọn kan. Agbọ́n fi ti onílẹ̀kẹ̀ sílẹ̀, wọ́n dojú kọ ti onígbẹ̀ẹ́. Òórùn ìgbẹ́ ló ń tọ́ka ilé kòkòrò fún ọ̀tá rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe kó ẹ̀rí jọ?

Ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Costa Rica ni igbó ńlá kan wà tí ìjọba dáàbò bò, Area de Conservación Guanacaste, tí UNESCO fi sínú àwọn ohun ìní gbogbo ayé ní 1999. Ohun tó mú ibẹ̀ yàtọ̀ ni pé igbó gbígbẹ tó ń wọ́ ewé ní ọ̀gbẹlẹ̀, igbó òjò, àti igbó orí òkè tí ìkùukùu ń bò wà nítòsí ara wọn. Daniel Janzen ti Yunifásítì Pennsylvania àti Winnie Hallwachs, ìyàwó rẹ̀, ni wọ́n ṣe olórí iṣẹ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lápá ìparí ọdún 1970 sí 1979: kí wọ́n wá kòkòrò ajewé gbogbo tó wà nínú igbó náà, kí wọ́n tọ́ ọ di labalábá tàbí àfòpiná, kí wọ́n sì kọ ewé tó ń jẹ sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà lójoojúmọ́ kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ará agbègbè ni wọ́n, tí wọ́n gbà síṣẹ́ tí wọ́n sì kọ́, wọ́n sì mọ igi igbó náà ju ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò le, ṣùgbọ́n kò gba ìwàǹwára. Bí wọ́n bá rí kòkòrò lórí igi, wọ́n á gé ewé igi náà gan-an mọ́ ọn, wọ́n á fi méjèèjì sínú ọ̀rá. Kòkòrò kan, ọ̀rá kan. Wọ́n á fún un ní nọ́ńbà tí kò ní kúrò lára rẹ̀ mọ́ láéláé: òǹkà méjì fún ọdún, lẹ́tà SRNP tó dúró fún ọgbà igbó Santa Rosa tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà nọ́ńbà tirẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n rí i, ibi tí wọ́n ti rí i, igi tó wà lórí rẹ̀, àwọ̀ ara rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á kọ sábẹ́ nọ́ńbà yìí. Wọ́n á so ọ̀rá náà rọ̀ síbi tí oòrùn kò dé, wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á máa pààrọ̀ ewé, wọ́n á sì máa kó ìgbẹ́ kúrò. Bó bá di labalábá, wọ́n á fi yìnyín pa á, wọ́n á na ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n á gún un mọ́ pátákó pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀.

Ohun tó ń bàjẹ́ pọ̀. Bí ewé bá tutù jù nínú ọ̀rá, á bu, kòkòrò á kú. Bó bá gbẹ jù, kò ní jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá já ilé ewé rẹ̀ láti wò ó, á fi agbára tó yẹ kó fi dàgbà tún ilé kọ́. Ìgbà púpọ̀ ni ó sì máa ń jẹ́ pé eṣinṣin tàbí agbọ́n tín-tìn-tín ni yóò jáde níbi tí a ti ń retí labalábá, torí wọ́n ti yé ẹyin sí i lára kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ìyẹn náà kì í ṣòfò. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí orúkọ igi ṣì. Kòkòrò tí wọ́n kọ orúkọ igi mìíràn sí lára lè mú kí ẹ̀yà kan dà bí ẹni tó ń jẹ igi tí kò fẹnu kàn rí.

Nígbà tó fi máa di 2003, kòkòrò tí wọ́n rò pé ti Astraptes fulgerator ni, tí wọ́n ti mú nínú igbó tí wọ́n sì tọ́, ti ju 2,500 lọ.

Kí ló kọ́kọ́ fu wọ́n lára?

Àwọn kòkòrò náà fúnra wọn ni. Ara wọn ṣókùnkùn, àwọ̀ títàn sì wà ní òrùka-òrùka tàbí ní ẹ̀gbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe bákan náà lára gbogbo wọn. Àwọ̀ òrùka yìí sì ń bá igi tí wọ́n ti rí kòkòrò rìn. Èyí tó wá láti orí igi báyìí máa ń rí báyìí, ọdún dé, ọdún lọ.

Kò tíì tó láti sọ pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yà kan máa jẹ oríṣiríṣi igi, kí ewé tó jẹ sì yí àwọ̀ rẹ̀ padà. John Burns, ọ̀gá nínú ìmọ̀ skipper ní Smithsonian, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ní Washington, tún kó àwọn labalábá tó dàgbà sọ́dọ̀, ó tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ewé tí wọ́n jẹ. Nígbà tó tò wọ́n báyìí ló rí àwọn ìyàtọ̀ kéékèèké nínú bí ìyẹ́ ṣe tóbi tó àti nínú àwọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ewé tí wọ́n jẹ kò lè fi ìyàtọ̀ yẹn nìkan tò wọ́n. Ọ̀rọ̀ wá dúró síbẹ̀: ìfura wà, ẹ̀rí tó dá dúró fúnra rẹ̀ kò sí.

Kí ni DNA barcode?

DNA ni ìlànà tí ara ohun abẹ̀mí gbogbo fi ń kọ́ ara rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi ń kọ ọ́, A, C, G àti T, tí wọ́n tò tẹ̀ léra ní ọ̀nà gígùn. Ó pọ̀ jù láti kà tán fún gbogbo ẹ̀dá. Ní 2003, Paul Hebert ti Yunifásítì Guelph ní Kánádà dá a lábàá pé kí a mú abala kékeré kan ṣoṣo, ibì kan náà lára ẹranko gbogbo, kí a máa fi dá ẹ̀yà mọ̀. Abala tó yàn jẹ́ nǹkan bí lẹ́tà 650 nínú ogún-ìní kan (èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní gene) tí wọ́n ń pè ní COI. Ilà dúdú àti funfun tí ẹ̀rọ ń kà lára ọjà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ni wọ́n ti yá orúkọ barcode.

Báwo ni lẹ́tà 650 ṣe lè sọ pé ẹ̀dá méjì ti pínyà? Ẹ fojú inú wo ìwé kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ dà kọ láti ìran dé ìran. Ẹni tó ń dà á kọ á ṣi lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá da tirẹ̀ kọ á tún àṣìṣe náà kọ, á sì lè fi òmíràn kún un. Bí ìdílé méjì bá gba ìwé náà lọ́wọ́ baba kan, tí wọn kò sì fi ti ara wọn wé ara wọn mọ́, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni lẹ́tà tó yàtọ̀ yóò máa pọ̀ sí i láàárín wọn. Láàárín ìdílé kan náà, ìwé á ṣì máa jọra. DNA náà nìyẹn. Àwọn tó ń gun ara wọn máa ń pín àṣìṣe kan náà. Àwọn tó ti pínyà ní àṣìṣe tiwọn.

Ẹsẹ̀ labalábá gbígbẹ kan ti tó. Wọ́n á fi ẹ̀mú tí wọ́n ti fi iná jó mọ́ já ẹsẹ̀ náà, torí eruku ẹsẹ̀ labalábá àkọ́kọ́ tó bá kù lára ẹ̀mú lè di DNA ti ìkejì. Wọ́n á fi oògùn tú DNA jáde, ẹ̀rọ á da abala COI kọ ní ìlọ́po púpọ̀púpọ̀ kó lè tó kà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ka lẹ́tà rẹ̀. Labalábá tó ti pẹ́ jù nínú àpótí máa ń ṣòro, torí DNA rẹ̀ á ti gé sí wẹ́wẹ́. Nígbà mìíràn lẹ́tà díẹ̀ ni wọ́n á rí kà níbi tí wọ́n ti ń wá 650.

Kí ni DNA wá sọ?

Wọ́n ka COI labalábá tó ju 400 lọ, gbogbo wọn láti Guanacaste, gbogbo wọn pẹ̀lú nọ́ńbà àti orúkọ igi. Nígbà tí kọ̀ǹpútà tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà wọn ṣe jọra, kò tò wọ́n ṣákálá. Ó tò wọ́n ní òkìtì-òkìtì, òkìtì náà sì bá igi tí wọ́n jẹ mu. Èyí ni kókó ohun tí ìròyìn máa ń fò. Kò sẹ́ni tó sọ orúkọ igi fún kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ àwọn tó jẹ Trigonia kó ara wọn jọ, àwọn tó jẹ Celtis kó ara wọn jọ. Ẹ̀rí méjì tí kò mọra wọn rí ń sọ ohun kan náà.

Wọn kò tíì sọ wọ́n lórúkọ gidi nígbà náà, wọ́n kàn fún wọn ní orúkọ ìnagijẹ tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ jáde láti ara igi: TRIGO, CELT, BYTTNER láti ara Byttneria, INGCUP láti ara Inga àti Cupania, LONCHO láti ara Lonchocarpus, FABOV tó ń jẹ àwọn igi ìdílé ẹ̀wà, HIHAMP àti LOHAMP láti ara Hampea, SENNOV àti YESENN láti ara Senna. Méjì nínú wọn kò ṣàjèjì sí wa: Senna ni asúnwọ̀n òyìnbó, abẹ́ Lonchocarpus ni wọ́n sì ń ka ẹ̀lú tí a fi ń pa aró sí tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà.

Ẹ ó rí i pé orúkọ méjì ló wà fún Hampea, méjì fún Senna. Ìyẹn ni pé ewé nìkan kò lè dá wọn yà. Níbi tí ewé bá ti kọ́lẹ̀, DNA àti àwọ̀ kòkòrò ló ń gbà á. Ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ibì kan náà. Wọ́n lè pàdé lórí òdòdó kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn kan fẹ́ràn igbó gbígbẹ, àwọn kan igbó òjò.

Níbo ni ọ̀nà yìí ti lè kọsẹ̀?

COI kò sí níbi tí ọ̀pọ̀ DNA wà. Inú mitochondria ló wà, àwọn èròjà tó ń pèsè agbára fún sẹ́ẹ̀lì (ẹyọ tín-ín-tín tí a fi kọ́ ara), ìyá nìkan ló sì ń fún ọmọ ní mitochondria. Ohun tí COI ń sọ, ìtàn ìyá ni. Bí akọ ẹ̀yà kan bá ń gun abo ẹ̀yà kejì, COI kò ní fọhùn. Bákan náà, àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà, bíi Wolbachia, tó ń gbé inú ara kòkòrò, tó ń kọjá láti ara ìyá sí ọmọ; bí ọ̀kan bá gbilẹ̀, á gbé irú mitochondria tó bá rìn gbilẹ̀ pẹ̀lú, ìtàn tí COI ń sọ á sì yí.

Ìkọsẹ̀ kan wáyé nínú ìwádìí yìí gan-an. Láti ìgbà pípẹ́, ẹ̀dà COI lè já bọ́ sínú DNA àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, kó dúró síbẹ̀ láìṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ń da COI kọ, ó lè da ayédèrú yìí kọ dípò ojúlówó, ẹni tó ń kà á á sì rò pé òun rí ẹ̀yà tuntun. Wọ́n rí ìwọ̀nba irú rẹ̀ láàárín àwọn labalábá náà, wọ́n pè wọ́n ní NUMT, wọn kò sì kà wọ́n mọ́ mẹ́wàá. Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n ni pé lẹ́tà méjì máa ń hàn lójú kan náà lórí àbájáde ẹ̀rọ, ọ̀kan ti ojúlówó, ọ̀kan ti ayédèrú. Tàbí kí a rí àmì "dúró", lẹ́tà tó ń sọ pé ìlànà parí, láàárín ọ̀rọ̀ níbi tí kò yẹ kó wà.

Ṣé mẹ́wàá náà dájú?

Ní 2006, Andrew Brower, onímọ̀ labalábá ní Amẹ́ríkà, tún lẹ́tà DNA kan náà tò. Ohun tó sọ ni pé ẹ̀rí tó wà nínú COI ti òkìtì mẹ́ta lẹ́yìn ó kéré tán, kò sì ju méje lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lórí ọ̀nà tí wọ́n fi ya àwòrán ìran náà. Ọ̀nà tí àwọn ti 2004 lò máa ń fi ẹ̀ka fún gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀, bí ìyàtọ̀ tilẹ̀ kéré. Láàárín àwọn òkìtì kan, ìyàtọ̀ náà kò tó lẹ́tà kan nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí Brower dán an wò bóyá ẹ̀ka yẹn á ṣì dúró bí a bá da lẹ́tà náà rú tí a tún un tò, àwọn kan wó.

Ẹni tó bá ka èyí gẹ́gẹ́ bí ìparun ìwádìí náà ti ṣì í kà. Brower kò sọ pé ẹyọ kan ni. Níbi tí ìyàtọ̀ lẹ́tà bá ti pọ̀, àwọn méjèèjì jọ gbà. Níbi tó ti kéré, ohun tí ìhà kan ń sọ ni pé DNA nìkan kò gbé e dúró. Ohun tí ìhà kejì ń sọ ni pé àwọn kò fi DNA nìkan gbé e, pé ewé àti àwọ̀ kòkòrò wà níbẹ̀. Ní tèmi, ẹjọ́ Brower tọ̀nà lórí àwòrán ìran, ṣùgbọ́n ọ̀rá 2,500 pẹ̀lú orúkọ igi lára kì í ṣe ẹ̀rí tí ènìyàn lè tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Iye ló ṣeé jiyàn lé.

Kò sí ìlà kan tó wà lára DNA tí a lè sọ pé bí ìyàtọ̀ bá ti kọjá ibẹ̀, ẹ̀yà méjì ni. Ìròyìn tó bá sọ pé ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni òfin, ẹ má gbà á.

Ṣé ó kan oko àti ilé wa?

Ó kàn wọ́n dáadáa. Ní 2016, kòkòrò ajewé kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àgbàdo run ní Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Áfíríkà ti ní kòkòrò tirẹ̀ tó ń jẹ àgbàdo báyìí, ó sì rọrùn láti rò pé òun náà ni. Àmì Y tó dojú dé ní iwájú orí kòkòrò náà àti tóótòòtó dúdú mẹ́rin tó ṣe igun mẹ́rin nítòsí ìdí rẹ̀ ló kọ́kọ́ tú u fó. DNA, títí kan COI, wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Spodoptera frugiperda ni, àlejò láti Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá ti ṣì í mú fún ti ilẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n fi ń bá ti ilẹ̀ jà ni wọn ì bá máa lò.

Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà náà nìyẹn. Ẹ̀yà tí ìwé àtijọ́ ń pè ní Anopheles gambiae wá di ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tí ojú lásán kò lè yà sọ́tọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní ìhà gúúsù Áfíríkà, Anopheles quadriannulatus, ẹ̀jẹ̀ màlúù ló fẹ́ràn, kì í sábà kó ibà ran ènìyàn. Ní 2013 ni wọ́n tún yọ Anopheles coluzzii kúrò lára gambiae, àwọn méjèèjì sì wà ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ń ka ẹ̀fọn láìya ẹ̀yà lè ná owó oògùn lé ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Orúkọ wo ni wọ́n ń jẹ́ báyìí?

Orúkọ ìnagijẹ kò tó lábẹ́ òfin sáyẹ́ǹsì. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ẹ̀yà lórúkọ gbọ́dọ̀ kọ àpèjúwe rẹ̀ jáde, kó sì tọ́ka sí labalábá kan pàtó nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tí orúkọ náà so mọ́. Fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn 2004, kò sẹ́ni tó ṣe é. Ní 2010, Brower tó ta ko iye náà ló tún tẹ orúkọ jáde fún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó sì ṣe é láti fi bẹnu àtẹ́ lu àṣà kí wọ́n máa kéde ẹ̀yà láìsọ ọ́ lórúkọ.

Orúkọ fulgerator fúnra rẹ̀ ṣì wà. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Walch ló fún labalábá kan ní orúkọ náà ní 1775, orúkọ kì í sì í kúrò lára ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, bó ti wù kí àwọn mọ̀lẹ́bí tó jọ ọ́ pọ̀ tó. Àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì ní fulgerator nínú àpótí wọn tí wọ́n fi àwọ̀n mú lójú òfuurufú, kì í ṣe pé wọ́n tọ́ wọn láti kékeré. Orúkọ igi kò sí lára ìwé wọn, kò sẹ́ni tó rí kòkòrò tí wọ́n ti jáde wá. Ẹsẹ̀ wọn nìkan ló kù tí ènìyàn lè bi léèrè, bí DNA inú rẹ̀ kò bá tíì gé jù.